Ìfọwọ́sí Mẹ́ta àti Wáyà Ilé Líìkì

Ilé Kẹrin, Ìlà Àwọn Awakùsà,
Hetherlaw, Northumberland.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kejì.

Bryony ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Leeds ń bá ọ lára mu? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá o ń jẹun, mo ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ń gun àkàbà kiri ilé onílé kò lè ṣe é kó má jẹun, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́, mo ti wá kọ ọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òjò ń bọ̀, ti òsì ti gbà fún un, kò bá a jiyàn mọ́. Ológbò bí mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Ọlọ́run tó kó mi yọ nínú ihò èédú fún ọdún mọ́kànlélógún tí òkúta kan ò já lù mí, kó máa di àkàbà rẹ mú, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀, kí wáyà má gbé ọ, àmín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wàá ní Bàbá ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí mo tò sẹ́nu á sì tú ká. Lẹ́tà kì í béèrè bóyá èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Fóònù tí o rà fún mi ọ̀ún náà, ara rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ ó máa ń tojú bọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ló bi mí bóyá mo gbà kí òun mọ ibi tí mo wà. Mo dá a lóhùn pé ilé ìdáná ni mo wà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo gbà pé ó ti gbọ́.

Bryony, jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó kú. Ìyáàfin Sidhu, obìnrin tó fẹ́ bá ọ wá ní Ọjọ́bọ̀ láti yẹ iṣẹ́ iná tí o ṣe sílé wa wò, ti wá lónìí. Mo mọ ohun tí àyẹ̀wò yẹn túmọ̀ sí. O sọ fún wa nígbà Kérésì pé lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń mú iṣẹ́ rẹ kan wò, pé bí wọ́n bá rí iṣẹ́ burúkú lábẹ́ ìfọwọ́sí rẹ, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé, o ò sì ní lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ mọ́, ẹlòmíì ni wàá máa bẹ̀ kó wá fọwọ́ sí i fún ọ bí ọmọ iṣẹ́. O ní ilé wa ni o yàn fún wọn, nítorí pé iṣẹ́ ilé wa lo fi gbogbo ara ṣe jù. Mo gbọ́ ọ. Mo sì mu tíì mi lọ ní tèmi, nítorí mo mọ ohun tí ìwọ ò mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá kù gììrì sọ ibi tó parí sí, o máa bínú kí o tó gbọ́ àlàyé.

Ní Oṣù Kẹwàá tí o wá, mo jókòó sórí àga mi, mò ń wò ọ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. O sọ àpótí iná àtijọ́ kalẹ̀ lára ògiri, o gbé funfun tuntun kan kọ́ síbẹ̀, tó ní bọ́tìnnì lẹ́sẹẹsẹ bí eyín. O ta wáyà lọ sídìí sítóòfù, ó gún régé, ó dùn ún wò. Ìgbà tó yá lo wá mú ẹ̀rọ yẹ́ẹ̀lò rẹ jáde, o fi kan wáyà náà, o wo ojú rẹ̀, o mirí, o ní rárá o, èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn, lo bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, o tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan lójú rẹ. Àmọ́ bí o ti jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ báyìí, mo ní Maureen, ọmọ wa yìí ò tíì mọ iṣẹ́ yìí o, ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ní òun náà máa ń tú súwẹ́tà bó bá wọ́ lọ́wọ́ òun, ṣé òun ò mọ̀ ọ́n hun ni? Mo ní súwẹ́tà ò gbé èèyàn rí.

Lẹ́yìn ìyẹn lo tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Wọ́n ní kí ẹni tó ṣètò iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, o fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, o fọwọ́ sí i. Wọ́n wá ní kí ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò fọwọ́ sí i, mo na ọrùn mi wo ojú ọ̀nà láti mọ ẹni tí o máa pè wọlé, bóyá àlùfáà ni, bóyá ẹnì kan láti kánsù. Kò sẹ́ni tó wọlé. O tún fọwọ́ sí i! Orúkọ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta, lórí ìwé kan náà.

Nídìí ìdíje líìkì lo dàgbà sí, Bryony. O mọ̀ pé bí Oṣù Kẹsàn-án bá dé, tí kálukú gbé líìkì rẹ̀, ewébẹ̀ tó jọ àlùbọ́sà tó sì nípọn bí apá, wá sí gbọ̀ngàn, nọ́ńbà là ń fi síwájú wọn, a kì í kọ orúkọ. Ìlú míì ni adájọ́ ti ń wá, a kì í sì í jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni mu bíà títí yóò fi wọ̀n wọ́n tán. O rántí ọdún tí ọkọ̀ adájọ́ bà jẹ́ lọ́nà, tí wọ́n ní kí Lance Rutter tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa wọ̀n ọ́n, tó wọn ti gbogbo wa, tó wọn tara rẹ̀, tó sì gbé ife ipò kìíní fún ara rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá nìyí. Títí dòní, bó bá gba iwájú ilé wa kọjá, Ẹ ǹlẹ́ o, Adájọ́, ni mo fi ń kí i. Ìyẹn tiẹ̀ ni ìdí tí ìfọwọ́sí mẹ́ta rẹ fi dà bí ẹ̀gún lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ní a kì í gbin líìkì, ká wọn líìkì, ká tún gbé ife fún líìkì.

Èyí tó wá pa mí lẹ́kún ni máàkì. Ní ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, o to máàkì olúkúlùkù wáyà sílẹ̀, mo sì fi awò ojú mi kà á látòkè délẹ̀. Ọ̀kan gba 0.38. Ìkejì gba 0.41. Ti sítóòfù tí o ṣe lẹ́ẹ̀mejì, òun ló tún kéré jù! Lọ́dọ̀ wa, ogún ni gbogbo máàkì, líìkì tí ìgbín ti jẹ dé ìdajì pàápàá ń gba márùn-ún. Ọmọ mi ò gba odindi ẹyọ kan. Ọ̀kan péré ló ní 28, ìyẹn nínú ogún, mo gbà pé bírò ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo sọ fún ara mi pé ó kéré tán ọmọ yìí ò parọ́, ó fún ara rẹ̀ ní ohun tó tọ́ sí i. Ìyá rẹ ní ká fi gíláàsì sí ìwé náà, ká gbé e kọ́ sáàárín káàdì ìdíje mi. Mo gbé e kọ́ lóòótọ́. Ògiri ni mo kọ ojú rẹ̀ sí, kí àlejò má bàa ka máàkì rẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni lẹ́tà kánsù dé pé àwọn ti gbọ́ nípa iná ilé ìdáná wa, pé ó bá òfin mu. Ta ló sọ fún wọn? Mo lọ bá Rutter lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní ìwọ lo lọ ṣòfófó. Ó ní òun ò mọ̀ pé a tiẹ̀ ní iná ńlé. Mo kọ̀wé sí kánsù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní bí wọ́n bá ń kọjá kí wọ́n yà mu tíì, ìyá rẹ sì yan kéèkì dè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òní ni Ìyáàfin Sidhu ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kí ẹgbẹ́ tó kọ orúkọ rẹ sínú ìwé sọ fún kánsù, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo jẹ Rutter ní ẹ̀bẹ̀ kan.

Ó wá kù èyí tó le. Oṣù Kìíní ni ọmọ líìkì ń fẹ́ ooru. Nígbà tí wọ́n ṣì tín-ín-rín bí koríko, òtútù kan péré, wọ́n ti lọ nìyẹn. Rutter ní ooru nínú ilé líìkì tirẹ̀, bó ṣe rí i ṣe kò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà ò sì ní sọ tèmi fún un. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ò wọ ilé líìkì mi, títí kan ti ìyá rẹ, òun tiẹ̀ ní òórùn ajílẹ̀ mi kò jẹ́ kó wu òun. Mo wá ronú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí Bryony fi sẹ́yìn fíríìjì, iná inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí fíríìjì lè jẹ tán. Kí Kérésì tó dé, mo ti tú u. Mo so wáyà mọ́ inú rẹ̀, mo fi téèpù dúdú wé e dáadáa, mo tì í gba ihò ògiri jáde, mo fi rọ́bà ìbomirin àtijọ́ wọ̀ ọ́ láṣọ, mo sì sin ín títí dé ilé líìkì. Gílóòbù ńlá méjì àti ẹní gbígbóná kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ara àwọn ọmọ líìkì yá. Inú mi dùn.

Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀, tàbí bí mo bá ti bu omi rin wọ́n, bọ́tìnnì kẹrin nínú àpótí rẹ á ta pàá, ìdajì ilé ìdáná á kú. Mo máa fi orí ìgbálẹ̀ tì í sókè padà. Ẹ̀ẹ̀kànlá ló ṣe é, ìyá rẹ ló kà á. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é ni mo ń bú u. Mo ní àpótí ọ̀lẹ, àpótí alárùn, òun náà ló mú kí máàkì rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Rutter. Ọmọ mi, dárí jì mí, mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Rutter.

Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà yìí, nítorí náà kí n fi èyí kún un: mo ti pinnu pé Ọjọ́rú ni n óò yọ wáyà náà kí ẹ tó dé, tí ẹ bá sì lọ tán ní Ọjọ́bọ̀, n óò dá a padà ní Ọjọ́ Ẹtì.

Àfi bí Ìyáàfin Sidhu ṣe pè láàárọ̀ yìí. Ó ní iṣẹ́ tí òun wá wò ní abúlé kejì ti yẹ̀, pé ṣé òun lè yà kí òun kí wa kí òun sì mọ ọ̀nà, àyẹ̀wò gan-an ṣì di Ọjọ́bọ̀ tí ìwọ náà á wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó máa bọ̀, omi ti ń hó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ojú ẹsẹ̀ ni ìyá rẹ ti fẹ́ràn rẹ̀. Kò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wa, àmọ́ ó jẹ búrẹ́dì síkóònù mẹ́ta pẹ̀lú jáàmù. Rutter náà wà níbẹ̀, nítorí Ìṣẹ́gun ni, o mọ̀ pé gbogbo Ìṣẹ́gun ló máa ń wá mu tíì kí imú rẹ̀ lè gbọ́ irú ajílẹ̀ tí mò ń lò.

Obìnrin náà béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ. Mo nawọ́ sí ògiri. Ó wò ó, ó ní Bàbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ kọ síta. Ìyá rẹ ní ojú ló ń tì í, ó ní ọmọ náà fìdí rẹmi. Mo ṣàlàyé máàkì fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bryony, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé síkóònù kalẹ̀. Ó ní ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé nínú wáyà ni o wọ̀n, bó ṣe kéré tó ló ṣe dára tó, pé 0.38 yẹn, àwọn ògbólógbòó oníṣẹ́ iná á fẹ́ kí tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Rutter ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ la fi ń ka líìkì ni, èmi Heslop ì bá ti gba ife lọ́dọọdún. Mo fojú pa á rẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí òjò ṣú tó sì rọ̀. Bọ́tìnnì kẹrin ta pàá. Fíríìjì dákẹ́, kẹ́tùlù náà dákẹ́.

Rutter ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní ó tún ti dákú o! Ó ní Wilf, ìwọ tó ń pè mí ní Adájọ́ láti ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọn líìkì ara mi o, ọmọ tìẹ ló fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wo ohun tó fọwọ́ sí! Ìyáàfin Sidhu ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó béèrè bóyá ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ní èyí ṣìkejìlá. Obìnrin náà yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀, ó ṣí i, orúkọ rẹ ló wà lókè ojú ewé náà, Bryony Heslop, ó sì ṣí ìdérí bírò. Ó ní Bàbá, láti ìgbà tí Bryony ti lọ, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan iná yìí?

Mi ò ní tàn ọ́, mi ò tètè jẹ́wọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Rutter á gbọ́ ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo Hetherlaw á sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ nìyẹn lábẹ́ bírò. Mò ń wo ẹnu bírò yẹn. Mo rántí ọ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje, tí o tú aago ìdájí mi palẹ̀, tí o wá bá mi, tí o ní Bàbá, èmi ni, mi ò lè tò ó padà. O ò dúró kí n béèrè. Ni mo bá ní Ìyáàfin, èmi ni. Mo ní Bryony ò mọ̀ sí i, ọwọ́ mi ni. Mo ní ó wà nínú ilé líìkì.

Rutter dìde bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ó ní nínú ibo?

Gbogbo wa la jáde nínú òjò, ìyá rẹ náà gbé agboorun. Obìnrin náà kọ́kọ́ pa gbogbo iná ilé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ ṣáájú òun. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀kùn, mo ṣí i fún Rutter pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ó dúró láàárín àwọn ọmọ líìkì mi, ó bọ́ fìlà. Ìyáàfin Sidhu wú rọ́bà yẹn jáde. Omi kún inú rẹ̀. Téèpù ti ṣí, ọkọ́ mi sì ti gé ara wáyà níbì kan tí mi ò mọ̀, bàbà inú rẹ̀ ń dán nínú ẹrẹ̀, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí ibi tí mo máa ń dúró sí pẹ̀lú garawa omi.

Ó pè mí wá wò ó. Ohùn rẹ̀ ò le, bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó ní Bàbá, ẹ rántí 28 tó wà lórí ìwé Bryony? Kì í ṣe máàkì. Ó ní bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, méjìdínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ni àpótí yẹn fi ń pa iná bí iná bá ti bá ibi tí kò yẹ lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejìlá tí ẹ ní ó dákú yẹn, kò dákú o, ẹ̀mí yín ló dì mú. Ó ní ká ní àpótí àtijọ́ ṣì ló wà lára ògiri ni, Ìyá ì bá ti bá yín nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín líìkì.

Bryony, mo jókòó lórí àpò ajílẹ̀. Ìyá rẹ fi agboorun rẹ̀ bò mí, nínú ilé ni o, kò sì mọ̀ pé inú ilé la wà. Gbogbo ìgbà tí mò ń bú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló ń gbà mí.

Nígbà tí a padà sídìí tíì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan wáyà sítóòfù tí o tú palẹ̀ tí mo fi sọ pé o ò mọṣẹ́. Ó ní ohun tí òun ń wá kiri nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá lè wo iṣẹ́ ara rẹ̀ kó ní kò dára, tó sì tú u palẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun làwọn ń fún ní bírò. Rutter ń ro tíì rẹ̀ lọ, ó rò ó títí, ó wá ní Wilf, líìkì mi ọdún yẹn, ó ju tìẹ lọ lóòótọ́ o, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo wọ̀n ọ́n. Mo bu tíì kún kọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì fún un ní síkóònù tó kẹ́yìn.

Ìyáàfin Sidhu ní òun ò ní kọ nǹkan burúkú sábẹ́ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣe ti ilé líìkì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó lè wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo mú ìwé. Mo kọ ọ́ bí ìwọ náà ṣe kọ tìẹ: Ẹni tó ṣètò rẹ̀, Wilfrid Heslop. Ẹni tó ṣe é, Wilfrid Heslop. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, Wilfrid Heslop. Àbájáde: kò dára rárá, ẹ yọ ọ́. Rutter ní kí òun bá mi fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, mo ní rárá, jókòó jẹ́ẹ́, Adájọ́, ẹni tó ṣe é ló ń fọwọ́ sí i. A ti yọ wáyà náà kúrò látòkè délẹ̀. Ìwé mi ti wà lára ògiri. Tìẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti yí ojú rẹ̀ síta, mo fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Àwọn ọmọ líìkì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná báyìí, ìyá rẹ ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun fún wọn. Bí o bá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mú wáyà gidi wá, kí o ta iná sí ilé líìkì fún mi, kí o yẹ̀ ẹ́ wò, kí o fọwọ́ sí i níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní na ọrùn wo ojú ọ̀nà mọ́. Jọ̀ọ́ tún wá ọgbọ̀n pọ́n-ùn fún mi. Ìyá rẹ ti béèrè ibi tí mo ti rí wáyà tí mo sin, ó sì ti wá rí i pé láti Kérésì ni iná ẹlẹ́sẹ̀ igi tó fi ń ka Bíbélì rẹ̀ kò ti ní ìrù wáyà. Òmíì ni màá rà fún un. Má fi owó náà gba inú fóònù o, mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Rutter ń lọ sí Morpeth, òun ló máa bá mi fi lẹ́tà yìí sí póòsì kí wọ́n tó kó o láago mẹ́rin, kí o lè rí i gbà lọ́la.

Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ilé tí o bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ni wàá fi síbẹ̀. Ojú rẹ á máa rí àṣìṣe ọwọ́ rẹ kí ọ̀tá tó rí i. Àwọn tí o ń gbà là tí wọn ò mọ̀, Ọlọ́run á là wọ́n lójú bó ṣe la tèmi. Àmín.

Ẹni tó ro lẹ́tà yìí: bàbá rẹ, Wilfrid Heslop.
Ẹni tó kọ ọ́: bàbá rẹ, Wilfrid Heslop.
Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: bàbá rẹ, Wilfrid Heslop. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rí àṣìṣe ńlá kan: mi ò sọ ọ́ níbì kankan pé mo fi ọ́ yangàn. Mo ti kọ ọ́ báyìí.